Ohun Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé Ìpàdé

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ l'Ógìdì.
Mo kọ ọjọ́, mo kọ aago, mo kọ iye ènìyàn,
mo kọ ọ́ pé: "A fi àdúrà bẹ̀rẹ̀."
N kò kọ ọ́ pé àdúrà ọ̀hún gùn débi pé
ewúrẹ́ Bàbá Òtítọ́jù wọlé,
ó jẹ etí ìwé ìpè kíláàsì kẹrin.

Akọ̀wé Ẹ̀kọ́ Ìjọba Ìbílẹ̀, Ìyáàfin Olúkòtún,
orí ọ̀kadà ló bá dé. Ọkọ̀ ìjọba ti kú sí Ìyàrá.
Eruku pupa bo gèlè rẹ̀. Ó gbọn bàtà,
ó ní, "Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi."
A dáhùn, "Ọ̀kun," ṣùgbọ́n ohùn wa tutù
bí iṣu àná.

Ó ka bébà. Ó ní ọmọ mọ́kàndínlógún ló ń wá
sí kíláàsì ọlọ́mọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.
Ó ní ọwọ́ òbí ni àléébù wà.
Páànù ń ta pá, pá, lókè nínú oòrùn.
Ìyá Ẹ̀búnlọmọ dìde, òwú òfì ṣì lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀:

"Akọ̀wé, kí ló ra ìwé tí ẹ ń wí? Kajú ni.
Ta ló ṣa kajú? Ọmọ náà ni.
Lóṣù Ẹrẹ́nà, igi kajú kì í dúró de agogo.
Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ka orí wa nìkan
ni ẹ máa ń mọ ọ̀nà Ògìdì."

Ilé hó yèè.
Mo kọ ọ́ pé: "Òbí kan dá sí ọ̀rọ̀."

N kò mọ bí mo ṣe lè kọ èyí tó tẹ̀ lé e.
Obìnrin náà ká bébà rẹ̀ sí mẹ́rin,
ó kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan tó ń mì,
ó jókòó lé bẹ́ǹṣì náà láàárín wa,
orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Ó ní, "Aago mélòó ni kajú máa ń já bọ́?"

Ẹnikẹ́ni kò bi wá bẹ́ẹ̀ rí.
Àwọn kan ní òru ni, àwọn kan ní ìdájí,
Bàbá Òtítọ́jù ní ó kù sọ́wọ́ afẹ́fẹ́.
A jà á títí a fi rẹ́rìn-ín.
Kí ọmọ ṣa tirẹ̀ láàárọ̀, kí agogo lù ní aago mẹ́sàn-án
títí kajú yóò fi tán.
Àwọn ọlọ́dẹ ní àwọn yóò máa sin wọ́n
gba ẹ̀yìn àpáta Òroké, nítorí ayé ti yàtọ̀.
Ó ku Jẹ́mítọ́lá tó ń ra kajú, lẹ́nu ọ̀nà:
kó má wọn kajú fún ọmọ kankan kí iléèwé tó jáde.
Ó ní, "Òwò mi ńkọ́?"
Ìyá Ẹ̀búnlọmọ ní, "Níbo lo ti kọ́ ìṣirò
tí o fi ń rẹ́ wa jẹ lórí òṣùwọ̀n?
Ṣé kì í ṣe inú yàrá yìí?"
Ọkùnrin náà fi ẹ̀rín bo ojú.

Káfíńtà Ọlọ́runnípá ní òun yóò kan bẹ́ǹṣì
bí pákó bá dé. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ dáadáa.
Pákó kò tíì dé.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Ọjọ́bọ̀, láìsí ẹni tó pè é,
mo rí i lábẹ́ igi máńgòrò ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀.
Kò ka orí. Ó ń wo ọwọ́ àwọn ọmọ,
níbi tí oje kajú ti bó awọ ìka wọn.
Ó na tirẹ̀ jáde: àtàǹpàkò ọ̀tún, àpá àtijọ́.
Àwọn ọmọ yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ kàn án.

Kò sí ìpàdé lọ́jọ́ náà, gègé mi wà nílé.
Ewúrẹ́ nìkan ló tún jẹ́rìí.